Ògbufọ̀ Ẹ̀yìn Commodore 64

Ẹ káàsán o, ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ọ̀dọ́. Ẹ wo ẹ̀rọ tó wà lórí tábìlì yìí. Commodore 64 ni, ọdún 1982 ni wọ́n gbé e jáde ní Amẹ́ríkà. Kílóbáìtì 64 péré ni iyè inú rẹ̀. Fọ́tò kan ṣoṣo látinú fóònù yín kò ní í gba ibẹ̀. Ṣùgbọ́n kí n tó jókòó, yóò bá kọ̀ǹpútà kan lókè òkun sọ̀rọ̀ lórí Wi-Fi gbọ̀ngàn yìí.

Wọ́n sábà máa ń bi mí pé níbo ló ti mọ Wi-Fi. Kò mọ̀ ọ́n. Tẹlifóònù ló mọ̀. Láyé ìgbà náà, módẹ́ẹ̀mù, ẹ̀rọ tó ń sọ ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà di ohùn, ló ń gbé e sórí wáyà tẹlifóònù, ní baud 300, ìyẹn nǹkan bí lẹ́tà 30 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Lẹ́tà 1,000 ló ń kún ojú tẹlifísọ̀n rẹ̀. Ẹ pín in: ó lé ní ìṣẹ́jú àáyá 33 kí ojú-ìwé kan tó pé. Bẹ́ẹ̀ làwọn èèyàn ṣe ń fara dà á lórí Quantum Link, ìkànnì àwọn oní-Commodore, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1985, tí ilé-iṣẹ́ tó ni ín wá di America Online.

Nítorí náà, a kì í kọ́ ẹ̀rọ yìí ní nǹkan tuntun. A ń tàn án ni. A ki pátákó kékeré kan tó ní ṣíìpù ESP8266 bọ ojú ihò tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Nígbà tí C64 bá sọ pé ATDT, ìyẹn “pe nọ́ńbà yìí”, tó sì ka “nọ́ńbà” tẹ̀ lé e, bí wọ́n ṣe ń pàṣẹ fún módẹ́ẹ̀mù Hayes láti 1981, àdírẹ́sì íntánẹ́ẹ̀tì ni pátákó náà gbọ́. Yóò lọ síbẹ̀, yóò padà wá, yóò ní: CONNECT. C64 gbà pé ẹnì kan ti gbé tẹlifóònù. Ẹ rántí ògbufọ̀ ilé ẹjọ́ ayé Ajẹ́lẹ̀: ohun tó bá wù ú ló ń sọ fún ìhà méjèèjì, ẹnikẹ́ni kò sì lè já a ní irọ́.

Ohun tó ń pa mí lẹ́rìn-ín ni pé ọpọlọ C64 ń lu nǹkan bí ìgbà mílíọ̀nù kan ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ti ògbufọ̀ wa, ìyẹn pátákó kékeré náà, ń lu mílíọ̀nù 80. Ọmọ ọ̀dọ̀ lágbára ju ọ̀gá lọ.

Volt ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ ṣọ́ra fún. 5 ni C64 ń lò, 3.3 ni ESP8266. Ẹ fi ohun tó ń pààrọ̀ rẹ̀ sáàárín. Ẹ má sì kì í bọ̀ ọ́ nígbà tí iná ń bẹ lára rẹ̀. Mo ṣe bẹ́ẹ̀ rí. Ṣíìpù CIA kan, èyí tó ń bójú tó ihò náà, kú láìfọhùn.

Ibi tó dùn jù fún mi ni ti àkókò. Kò sí ṣíìpù kan lẹ́yìn ihò yẹn tó ń bá ọpọlọ ka bíìtì, ìyẹn àwọn 0 àti 1 tí lẹ́tà pín sí. Òun fúnra rẹ̀ ló ń kà á. Ní baud 9600, àyè ìlù bí 102 ló ní fún bíìtì kan. Bẹ́ẹ̀, VIC-II tó ń ya àwòrán máa ń dá ọpọlọ dúró fún ìlù bí 40, ní ìlà mẹ́jọ-mẹ́jọ, kó lè lọ mú lẹ́tà wá. Bíìtì ò dúró de ẹnikẹ́ni. Daniel Dallmann ló wá ọgbọ́n sí i, UP9600: ó jẹ́ kí CIA máa kó bíìtì mẹ́jọ jọ kó tó pe ọpọlọ.

Lẹ́tà náà ní wàhálà tirẹ̀. 65 ni A ńlá nínú ASCII, ìlànà nọ́ńbà lẹ́tà tí ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà ń lò. Nínú PETSCII ti Commodore, tí a bá wà ní ipò lẹ́tà ńlá àti kékeré, a kékeré ni. Tiwa ńkọ́? C64 gbà ká ya lẹ́tà tiwa, àmì 8 ní ìbú, 8 ní òró. Mo ya ẹ, mo ya ọ. Ọ ńlá tó ní àmì ohùn lórí àti àmì lábẹ́ ló lé mi kúrò nídìí rẹ̀.

Ti ìkànnì òde òní tó ń ti ilẹ̀kùn rẹ̀ pẹ̀lú TLS, ọ̀nà tí wọ́n fi ń pa ọ̀rọ̀ mọ́ láṣìírí, C64 kò rí i ṣe. Alárinà kan, kọ̀ǹpútà kékeré Raspberry Pi bóyá, ni yóò ṣílẹ̀kùn, tí yóò fi ọ̀rọ̀ lásán ránṣẹ́. Ibẹ̀ ni ọkàn mi kò ti balẹ̀: ọ̀rọ̀ aṣínà yín yóò rin ìhòòhò dé ọ̀dọ̀ alárinà. Ohun tí Adam Dunkels ṣe ní Sweden ní 2003 wù mí ju èyí lọ. Lórí Contiki, ètò ìṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà tó kọ, C64 fúnra rẹ̀ ló ń sọ èdè íntánẹ́ẹ̀tì, pẹ̀lú káàdì ethernet.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká pè é. Wi-Fi gbọ̀ngàn náà kọ̀: ó fẹ́ ká kọ́kọ́ tẹ bọ́tìnnì kan lójú ìwé rẹ̀, ògbufọ̀ mi kò sì ní ìka. Mo tan hotspot fóònù mi, mo tún tẹ ATDT. CONNECT. Gbogbo gbọ̀ngàn pàtẹ́wọ́. Ìgbà tí ọ̀rọ̀ jáde, lẹ́tà ńlá ti di kékeré, kékeré ti di ńlá. Mo ti gbàgbé láti sọ fún ògbufọ̀ pé PETSCII ni C64 ń kà.