Tatik kò fẹ́ kí a pe àwọn ní akọni

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin tèmi. Ẹ kú òtútù níbi tí òtútù bá wà, torí ooru ló ń dá wa lóró ní Glendale níbí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Los Angeles. Ẹ̀yin tí ẹ ti ń gbọ́ mi tipẹ́ mọ̀ pé ọmọ Arméníà ni ọkọ mi. Ní ìlú yìí, ẹni tó bá sọ òkò sọ́jà, ará ilé ọkọ mi ni yóò bà. Ìyá tó bí ìyá rẹ̀ ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ wọn lónìí. Tatik ni gbogbo ilé ń pè wọ́n, bí àwa ṣe ń pe Màmá Àgbà.

Bí àwọn ará Arméníà bá ń ka akọni wọn, Vardan Mamikonian ni wọ́n sábà máa ń fi bẹ̀rẹ̀, ọ̀gágun tó kú sójú ogun Avarayr lọ́dún 451. Mo bọ̀wọ̀ fún un. Ṣùgbọ́n ọ̀gágun kì í tò sórí ìlà búrẹ́dì lóru.

Ìlú Gyumri ni wọ́n bí Tatik sí. Leninakan ló ń jẹ́ nígbà náà. Kó tó di Leninakan, Alexandropol ni. Lásìkò Alexandropol yẹn, lẹ́yìn ìpakúpa tí ìjọba Ọ́tómánì ilẹ̀ Tọ́kì pa àwọn ará Arméníà lọ́dún 1915, àwọn ará Amẹ́ríkà kan tó ń jẹ́ Near East Relief kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ tí kò ní ìyá tí kò ní bàbá jọ síbẹ̀, wọ́n ń bọ́ wọn, wọ́n ń kọ́ wọn níṣẹ́. Bàbá Tatik wà nínú àwọn ọmọ náà. Ibẹ̀ ni wọ́n ti kọ́ ọ bí a ti ń ránṣọ, òun ló sì kọ́ Tatik.

Ní ọjọ́ 7 oṣù Kejìlá 1988, ilẹ̀ mì ní àríwá Arméníà. Àwọn ọmọ wà nílé ìwé. Àwọn ilé alájà mẹ́sàn-án tí ìjọba Sófíẹ́ẹ̀tì kọ́ wó lulẹ̀, nǹkan bí 25,000 èèyàn ló sì kú. Àbúrò Tatik obìnrin wà nínú wọn. Tatik kì í sọ èyí. Ọkọ mi ló sọ fún mi.

Èyí tí Tatik máa ń sọ ni ti àwọn ọdún tó tẹ̀ lé e. Wọ́n ti ilé iṣẹ́ iná átọ́míìkì Metsamor pa lọ́dún 1989 nítorí ìmìtìtì ilẹ̀ yẹn. Ogun tí Arméníà àti Azerbaijan jà lórí ilẹ̀ Karabakh wá dé, Azerbaijan dí ọ̀nà reluwé àti gáàsì, Tọ́kì náà ti ẹnubodè lọ́dún 1993. Iná wá di wákàtí kan sí méjì lóòjọ́. Nígbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́ ọ, ẹ̀rín pa mí. Mo ní, "Tatik, ẹ jẹ́ kí n sọ ti NEPA fún yín." A jọ rẹ́rìn-ín gan-an, torí àwọn ọmọ tiwọn náà máa ń hó bí iná bá dé. Ṣùgbọ́n tiwa kò sí nínú yìnyín.

Inú kọ̀ńténà onírin tí wọ́n ń pè ní domik ni wọ́n ń gbé. Wọ́n ní fún ìgbà díẹ̀ ni o! Àwọn mìíràn lo ọgbọ̀n ọdún nínú rẹ̀. Ohunkóhun tó bá lè jó ni wọ́n kì bọ sítóòfù: ìwé, bàtà àtijọ́, ẹsẹ̀ àga. Igi ẹ̀rọ ìránṣọ ẹlẹ́sẹ̀ tí wọ́n wú jáde lábẹ́ àlàpà nìkan ni Tatik kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn. Ọkọ mi kéré nígbà náà. Lóru ọjọ́ kan, ó sunkún bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n dáná sí i. Wọ́n bọ́ kóòtù ọrùn wọn bò ó, wọ́n jókòó ti ẹ̀rọ nídìí àtùpà, wọ́n ń gé kóòtù àgbàlagbà di ti ọmọdé. Ẹni tó bá ní ànàmọ́ á fún wọn ní ànàmọ́. Ẹni tí kò bá ní nǹkan kan á gbé kóòtù tirẹ̀ lọ. Èmi onídìrí tí mo máa ń gbowó kí n tó mú kóòmù, ẹ má bi mí ní nǹkan kan.

Gíráàmù 250 ni búrẹ́dì ẹnì kan lóòjọ́. Tatik á tò fún ilé wọn, wọ́n á tò fún tíṣà ìṣirò kan tí ògiri ti fọ́ lẹ́sẹ̀ kan, nínú domik kejì. Ilé tíṣà yìí ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ dé.

Títí di òní, Tatik kì í jẹ́ kí búrẹ́dì tán nílé. Wọ́n á máa ju ìyẹ̀fun pípò láti apá kan sí ìkejì títí yóò fi fẹ́lẹ́ bí ìborùn, wọ́n á tẹ́ ẹ sórí ìkòkò tí wọ́n dojú rẹ̀ dé orí gáàsì, torí a kò lè gbẹ́ ààrò tonir sínú ilé tí a háyà. Lavash nìyẹn. Bó bá gbẹ, yóò pẹ́ lóṣù. Ẹ wọ́n omi sí i, yóò rọ̀ padà. UNESCO kọ ọ́ sínú ohun àjogúnbá aráyé lọ́dún 2014. Tatik ní ta ló bi wọ́n. Àwọn àna mi ń ráhùn pé lavash gbígbẹ ti gba gbogbo kọ́bọ́ọ̀dù. Èmi kì í dá sí i, àpò gàrí mi wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

Ìjà tó wà nílẹ̀ báyìí rèé. Tíṣà ọmọ mi ní kí wọ́n kọ̀wé nípa akọni kan. Ọmọ mi kọ ti Tatik, ó sì kà á sí wọn létí. Tatik ní kó yọ orúkọ àwọn, kó fi ti tíṣà ẹlẹ́sẹ̀ kan yẹn sí i, torí òun ló ń kó gbogbo ọmọ àdúgbò jọ, tó ń kọ́ wọn ní ìṣirò láìgba kọ́bọ̀, títí kan ọkọ mi. Ọmọ mi ní òun kò mọ tíṣà kankan rí. Tatik ní àwọn kò ní bá a fọwọ́ sí ìwé náà. Ọjọ́ Ajé ni wọ́n fẹ́ gbà á. Ọkọ mi ti sá lọ fọ mọ́tò. Ẹ bá wa dá sí i o, ẹ fi ohùn ránṣẹ́ lórí WhatsApp: ta ni kí ọmọ yìí kọ?