Ilé ìjọba àbí ti aládàáni: ọ̀rọ̀ tí mo bá àwọn òṣìṣẹ́ sọ l'Àkúrẹ́

Ẹ kú ìjókòó o. Ẹ ní kí n sọ èyí tó sàn jù fún olówó oṣù, ṣé ilé ìjọba ni àbí ti àwọn dẹfẹ́lọ́pà, ìyẹn àwọn aládàáni tó ń kọ́lé tà. Tèmi ni pé ẹ má tíì wo ẹni tó ń tà á, ìwé ilé yẹn gan-an ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wò, torí ìwé ló máa sọ irú owó tẹ́ ẹ máa rí yá.

Ẹ̀yin tí wọ́n ń yọ 2.5% lówó oṣù yín fún National Housing Fund, àpò owó ilé ti ìjọba àpapọ̀, òfin 1992 ló dá a sílẹ̀, ẹ máa ń kùn sí i, àmọ́ ìdí owó yẹn lẹ ti lè rí owó yá ní èlé 6%. Ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ̀: mílíọ̀nù 15 fún ọdún 20, bíi 107,000 lẹ máa máa san lóṣù. Tó bá jẹ́ báǹkì tó ń gba 25% ni, ó ju 310,000 lọ, a ò tíì ra ìrẹsì o! Bàbá kan níwájú ní òun ti pé 52 ńkọ́. Sà, ẹ gbọ́dọ̀ san án tán kẹ́ ẹ tó pé 60, ọdún 8 péré ló sì kù, 107,000 yẹn á di bíi 197,000 nìyẹn.

Ọ̀pọ̀ rò pé ilé ìjọba nìkan ni wọ́n ń yá owó yìí fún. Rárá o, ti aládàáni náà wà níbẹ̀ tí ìwé ẹ̀ bá ṣáà ti pé, rìsíìtì lásán tí ẹbí tó ni ilẹ̀ kọ fún yín ò lè gbà á.

Ilé ìjọba, irú Ijapo tàbí Shagari Village, wọ́n ti la ọ̀nà kí wọ́n tó kọ́lé, ọmọ onílẹ̀ ò sì ní wá kan géètì. Àmọ́ tuntun ò wọ́pọ̀, ọwọ́ ẹni tí wọ́n pín in fún látijọ́ lẹ ti máa rà á, tó bá sì ti kú, dáódù nìkan ò lè dá a tà, àwọn tó ṣe kókó nínú ẹbí náà gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i.

Àwọn dẹfẹ́lọ́pà ní tiwọn, ẹ lè san án díẹ̀díẹ̀, ìyẹn dáa, àmọ́ iye tó wà lórí pósítà kọ́ ni iye ilé: owó sọ́fè, ìyẹn ìwé tí wọ́n fi wọn ilẹ̀, wà, owó àgírímẹ́ǹtì wà, owó dẹfẹ́lọ́pímẹ́ǹtì tí wọ́n fi ń tún àdúgbò ṣe wà, ẹ̀yin náà lẹ máa dá owó póòlù iná, tó bá sì kan bórèhólù, orí àpáta ni Àkúrẹ́ yìí wà, ẹ lè gbẹ́ ẹ títí kẹ́ ẹ má rómi.

Kẹ́ ẹ tó sanwó, ẹ gbé sọ́fè yẹn fún sọ́fẹ́yọ̀ tiyín, kì í ṣe tiwọn, kó bá yín yẹ̀ ẹ́ wò ní Alágbàká, níbi tí ọ́fíìsì ìjọba ìpínlẹ̀ wà, bóyá ilẹ̀ náà ò sí nínú èyí tí ìjọba ti gbà. Òfin ilẹ̀ 1978 sì ní gómìnà gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i kí ilẹ̀ tó ní C of O, ìwé àṣẹ ilẹ̀ látọ̀dọ̀ ìjọba, tó lè kúrò lọ́wọ́ ẹnìkan bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíì, owó ńlá wà níbẹ̀, ẹ bi ẹni tó ń tà á pé ta ló máa san án, kẹ́ ẹ sì kọ ọ́ sínú àgírímẹ́ǹtì.