Catan: Ẹnu Ni Wọ́n Fi Ń Ta Á

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Adó-Èkìtì la wà, orí tábìlì la sì ti fẹ́ jagun. Eré tẹ́ ẹ̀ ń wò yìí ni Catan. Klaus Teuber, ará Jámánì, ló gbé e jáde lọ́dún 1995. Ènìyàn 3 tàbí 4 ló ń ta á. Ẹni tí àmì rẹ̀ bá kọ́kọ́ pé 10 ló jẹ.

Ẹ wo ojú rẹ̀: ilẹ̀ onígun mẹ́fà 19. Igbó ń mú igi wá, ilẹ̀ amọ̀ ń mú bíríkì, pápá ń mú àgùntàn, oko ń mú àlìkámà, òkè ń mú òkúta kùsà. Aṣálẹ̀ kan wà láàárín wọn tí kì í mú nǹkan kan wá. Amọ̀ wà ní Ìsàn tí wọ́n ti ń mọ ìkòkò, kùsà wà ní Ìjerò. Bẹ́ẹ̀ náà lorí tábìlì yìí, ohun tí ẹ ò ní wà lọ́wọ́ ẹlòmíì.

Ilé 2 lẹ máa kọ́kọ́ gbé kalẹ̀, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìṣe. Nọ́ńbà wà lára ilẹ̀ kọ̀ọ̀kan, àyàfi aṣálẹ̀. Tí dáìsì méjèèjì bá mú un, ẹni tó kọ́lé sí etí ilẹ̀ náà á gba káàdì. Nínú ọ̀nà 36 tí dáìsì 2 lè gbà balẹ̀, 5 ló ń mú 6 wá, 5 ló ń mú 8, ẹyọ kan péré ló ń mú 12. Síbẹ̀ àbúrò mi kì í fi 12 sílẹ̀. Ó lóun lálàá rẹ̀. Ó ṣì ń dúró.

Tí 7 bá jáde, ẹni tí káàdì ọwọ́ rẹ̀ ju 7 lọ á dá ìdajì padà, ère kékeré tí wọ́n ń pè ní olè á sì ṣí lọ sórí ilẹ̀ mìíràn. Ẹ má ṣahun.

Igi, bíríkì, àgùntàn, àlìkámà, ẹyọ kọ̀ọ̀kan, ilé kan nìyẹn, àmì 1. Òkúta 3 àti àlìkámà 2 á sọ ilé di ìlú, àmì 2.

Nídìí ayò, ẹnu la fi ń bú òpè; níbí, ẹnu la fi ń nájà. "Ta ló ní bíríkì? Àgùntàn mi rèé!" Báǹkì á gba káàdì 4 tó jọra kó tó fún yín ní 1, ọ̀wọ́n gógó! Ẹ bá ara yín dúnàádúrà.

Àmọ́ tí àmì ẹnì kan bá ti ń sún mọ́ 10, ẹ má tà fún un mọ́. Lọ́jọ́ Sátidé, màmá mi ní 9, wọ́n rọra ní, "Ọmọ mi, fún mi ní àlìkámà kan ṣoṣo." Mo fún wọn. Wọ́n sọ ilé di ìlú, wọ́n dìde, wọ́n lọ gbé ọbẹ̀ kaná.