Ọjọ́ Mẹ́ta ní Pópó Àgùdà: Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ fún Tọkọtaya tó ń Wá Ìdílé Wọn

Ẹ kú ìjókòó o. Ìwádìí ìdílé Àgùdà, ìyẹn àwọn tó ti oko ẹrú ní Brazil padà wálé tí wọ́n sì tẹ̀dó sí àdúgbò Pópó Àgùdà l'Ékòó, kì í bẹ̀rẹ̀ l'Ékòó rárá. Ọ̀dọ̀ àgbà tó dàgbà jù nínú ẹbí yín ló ti ń bẹ̀rẹ̀, kí ẹ tó wọkọ̀.

Ìdí ni pé orúkọ nìkan á ṣì yín lọ́nà. Àwọn tó ti Bahia ní Brazil padà wálé, pàápàá lẹ́yìn ọ̀tẹ̀ àwọn Mùsùlùmí lọ́dún 1835, ọ̀pọ̀ wọn ló ń jẹ́ orúkọ ẹni tó ni wọ́n lóko ẹrú. Da Silva méjì lè wà ládùúgbò kan kí wọ́n má bá ara wọn tan rárá. Òmíràn sì ti yí tirẹ̀ padà sí Yorùbá, bí David Brown Vincent, ọmọ Sàró (àwọn tó ti Sierra Leone padà wálé), ṣe di Mojola Agbebi lọ́dún 1894. Nítorí náà, ẹ béèrè orúkọ Yorùbá, ìlú tí wọ́n ti kó wọn lẹ́rú, òpópónà tí ilé wà, àti oríkì. Oríkì ṣe pàtàkì jù lójú tèmi: bí ìyá àgbà bá ń kì yín ní ọmọ Ẹṣọ́ Ìkòyí, ilẹ̀ Ọ̀yọ́ ni kí ẹ kọjú sí.

Alẹ́ Ọjọ́bọ̀ ni kí ẹ wọ̀lú, torí ìwé ìrìbọmi inú ṣọ́ọ̀ṣì ni iṣẹ́ ọjọ́ Ẹtì. Ẹni tó bá dé ní Sátidé á rí ilé, kò ní rí ìwé. Ẹ ti kọ lẹ́tà sí ọ́fíìsì ìjọ ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ṣáájú, kí ẹ dárúkọ ẹni tí ẹ ń wá àti ọdún mẹ́wàá tí ẹ fojú sùn. Kí ọkọ máa kà, kí aya máa kọ, bí wọ́n ṣe kọ ọ́ gan-an ni kí ó kọ ọ́. Èdè Látìn lè wà nínú ìwé ìrìbọmi Kátólíìkì àtijọ́, João á sì di Joannes. Ẹ má fo orúkọ baba ìrìbọmi àti ìyá ìrìbọmi. Ó lè jẹ́ ará ìlú kan náà tàbí ẹni tí wọ́n jọ wọ ọkọ̀ òkun. Bí wọ́n bá gbà yín láyè láti ya fọ́tò, ẹ ya èèpo ìwé náà pẹ̀lú nọ́ńbà ojú ewé. Kí ẹ parí kí Jímọ́ọ̀ tó dí ọ̀nà.

Ẹ má fi àkókò ṣòfò wá ibojì ní Ajẹ́lẹ̀. Wọ́n ti wó itẹ́ òkú náà ní àwọn ọdún 1970. Bíṣọ́ọ̀bù Crowther pàápàá, tó kú lọ́dún 1891, wọ́n kó egungun rẹ̀ lọ sí Kàtídírà tó wà ní Marina.

Sátidé jẹ́ ti àwọn àgbà. Ẹ má tètè yọ fóònù. Kí aya bi ìyá ilé léèrè bí wọ́n ṣe ń se frejon Ọjọ́ Ẹtì Rere: ẹ̀wà tí wọ́n sè, tí wọ́n lọ̀, tí wọ́n sẹ́, tí wọ́n wá fi omi àgbọn sè títí yóò fi ki. Lẹ́yìn náà, kó béèrè ẹni tó kọ́ ìyá, àti ẹni tó kọ́ ẹni yẹn. Ìran ìyá, tí ìwé sábà máa ń gbàgbé, á fara hàn níbẹ̀.

Àárọ̀ Sọ́ńdè ni kí ẹ rìn, nígbà tí àtẹ ọjà Balógun kò ní bo ojú ilé. Mọ́ṣáláṣí Shitta-Bey ní Martins Street, tí wọ́n ṣí ní 1894, Sàró ló kọ́ ọ, Àgùdà tó ń jẹ́ João da Costa ló sì ya àwòrán rẹ̀. Ẹ wo iṣẹ́ ọnà ara ògiri rẹ̀ dáadáa. Ilé àwọn da Rocha wà ní Kakawa Street, tí wọ́n ń pè ní Water House. Ilé tí ẹ bá bá lórí ìdúró, ẹ yà á ní fọ́tò lọ́jọ́ náà. Ilojo Bar, ilé Àgùdà àtijọ́ kan ní Tinubu Square, wà láti 1855, ìjọba sọ ọ́ di ohun ìrántí orílẹ̀-èdè ní 1956, síbẹ̀ wọ́n wó o ní oṣù kẹsàn-án 2016. Ó dùn mí títí dòní.

Lálẹ́ ọjọ́ náà, ẹ kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ ní ẹ̀dà méjì. Ẹ fi ọ̀kan ránṣẹ́ sí àgbà tó bá yín sọ̀rọ̀; òun ni yóò pè yín bí ó bá rántí orúkọ tó ṣẹ́kù.