Descuido, desleixo, descaso: bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀ àìbìkítà ní èdè Potogí

Ẹ kú ìkàlẹ̀, ẹ̀yin olùwòran wa. Bí ẹ bá ń kọ́ èdè Potogí, ẹ má há ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo sórí fún àìbìkítà. Àwọn tó ni èdè máa ń wò ó bí ẹ̀ṣẹ̀ náà ṣe wúwo tó kí wọ́n tó lanu.

Descuido ló fúyẹ́ jù. Ẹ gbójú kúrò lórí iná, ìrẹsì jó: "Foi um descuido." Èèṣì ni, kì í ṣe ìwà yín.

Desleixo ti wọ inú ìwà. Ṣ ni à ń pe x inú rẹ̀. Ẹni tí ara rẹ̀ kò mọ́, tí iṣẹ́ rẹ̀ kì í gún, desleixado ni. Èébú ni o, ẹ má sọ ọ́ sí àgbà lójú. Ní Pọ́túgà, iṣẹ́ tí wọ́n fi ìkánjú bàjẹ́, wọ́n á ní orí orúnkún ni wọ́n ti ṣe é: em cima do joelho.

Descaso ló ká mi lára jù. Aláṣẹ mọ̀, ó sì dágunlá. Lọ́jọ́ 2 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2018, iná jó Museu Nacional ní Rio de Janeiro, lọ́dún tí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé náà pé 200 ọdún gan-an. Ó ti pẹ́ tí owó ìtọ́jú ilé náà kò ti tó; àwọn panápaná dé, ẹ̀rọ omi panápaná tó wà nítòsí kò ní omi. Ìtẹ́ tí Adandozan ọba Dahomey fi ránṣẹ́ sí Dom João, ọmọ ọba tó ń ṣàkóso Pọ́túgà nígbà náà, jóná mọ́ ọn. Descaso ni ọ̀pọ̀ èèyàn pè é, mo sì gbà pẹ̀lú wọn. Ẹni tó bá pe irú èyí ní descuido ń bo aláṣẹ láṣìírí ni.

Òfin ní tirẹ̀. Abala 18 nínú ìwé òfin ọ̀daràn Bràsíìlì dárúkọ mẹ́ta. Awakọ̀ sá eré àsápajúdé: imprudência. Ó mọ̀ pé búrẹ́kì kò mú dáadáa, kò tún un ṣe: negligência. Ọkọ̀ ńlá ni iṣẹ́ rẹ̀, àmọ́ kò mọ̀ ọ́n wà bó ṣe yẹ: imperícia. Bí èèyàn bá kú nínú èyíkéyìí, homicídio culposo ni, ìyẹn ni pé kò gbèrò àtipànìyàn. Èyí tó gbèrò ni doloso.

Ibí ni ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ti ń ṣì í: culposo kì í ṣe culpado. Ìwà ọ̀daràn là ń pè ní culposo. Èèyàn tó jẹ̀bi ni culpado.