Iṣẹ́ Tí Ó Ń Wá Agbẹnusọ: Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ lórí Iṣẹ́ Sítúdíò fún Akẹ́kọ̀ọ́ Graphic Design

Alága ìjókòó, ẹ̀yin olùkọ́ wa, ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi tí ẹ fi sítúdíò sílẹ̀ wá síbí nígbà tí iṣẹ́ ṣì wà lọ́rùn yín, mo kí gbogbo yín. Wọ́n ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí ìrírí akẹ́kọ̀ọ́ graphic design, iṣẹ́ fífi lẹ́tà, àwọ̀ àti àwòrán gbé ọ̀rọ̀ jáde, nínú iṣẹ́ sítúdíò ní yunifásítì. Àkọlé náà gbòòrò, àkókò tí wọ́n fún mi kò sì gbòòrò tó o, nítorí náà ọ̀rọ̀ kan ni mo mú dání, ẹni tí ó bá sì ti bá mi jókòó rí ti mọ ọ̀rọ̀ náà kí n tó la ẹnu. Lójú tèmi, àlàyé tí akẹ́kọ̀ọ́ máa ń ṣe lórí iṣẹ́ rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó wò ó ni kì í jẹ́ kí a rí iṣẹ́ náà. Bí a bá fẹ́ kí sítúdíò kọ́ wa lọ́gbọ́n, ẹni tí ó ṣe iṣẹ́ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ dákẹ́.

Fún àwọn tí ó wá láti ẹ̀ka mìíràn, bí iṣẹ́ sítúdíò ṣe máa ń lọ nìyí. Olùkọ́ yóò pín ìwé iṣẹ́, èyí tí ó sọ ohun tí a fẹ́ ṣe, àwọn tí a fẹ́ ṣe é fún, ìwọ̀n bébà àti ọjọ́ tí a óò gbé e wá. Akẹ́kọ̀ọ́ yóò ṣe ìwádìí, yóò fi pẹ́ńsù ya oríṣiríṣi èrò sínú ìwé rẹ̀, yóò mú díẹ̀ nínú wọn lọ sórí kọ̀ǹpútà, lẹ́yìn náà ni yóò tẹ̀ ẹ́ jáde, tí yóò sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fún àgbéyẹ̀wò. Olùkọ́ àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yóò sọ ohun tí wọ́n rí, oníṣẹ́ yóò padà lọ tún un ṣe, yóò sì tún gbé e wá. Àgbéyẹ̀wò yìí ni ó yà wá sọ́tọ̀ kúrò lára àwọn ẹ̀ka tí ó jẹ́ pé gbọ̀ngàn ìdánwò ni wọ́n ti ń dá olóye mọ̀. Níbẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ ẹnu sì ti ń bà á jẹ́ mọ́ wa lọ́wọ́.

Ẹ mú iṣẹ́ kan tí ó wọ́pọ̀ fún àwọn ọdún kìíní: pósítà fún àpéjọ orin, ọ̀rọ̀ nìkan láìsí àwòrán, fọ́ǹtì (irú ìrísí lẹ́tà) ẹyọ kan, ìwọ̀n lẹ́tà ẹyọ kan, dúdú lórí funfun, àfi pé a lè lo lẹ́tà fẹ́ẹ́rẹ́ àti èyí tí ó ki. Ó dà bí eré, ṣùgbọ́n ó máa ń gba oorun lójú ẹni, nítorí pé kò sí ohun tí a lè sá sí lẹ́yìn. Ibi tí a gbé ìlà kọ̀ọ̀kan sí àti ààyè tí a fi sílẹ̀ láàárín wọn ni gbogbo ohun tí a ní. Mo wà níbi àgbéyẹ̀wò kan tí akẹ́kọ̀ọ́ kan ti lẹ tirẹ̀ mọ́ ògiri, tí ó sì bẹ̀rẹ̀ àlàyé lójú ẹsẹ̀: ó ní ààyè funfun ńlá tí ó wà lókè dúró fún ìdákẹ́jẹ́ tí ó máa ń wà kí orin tó bẹ̀rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà dùn létí. Gbogbo wa mi orí. Ìdákẹ́jẹ́ yẹn ni a ń jíròrò nígbà tí ọmọ ẹ̀ka mìíràn kan wọlé wá yá ọ̀bẹ ìgébébà, ó wo pósítà náà, ó sì béèrè bóyá ọjọ́ keje, aago mẹ́sàn-án ni, tàbí ọjọ́ kẹsàn-án, aago méje.

A wá wò ó. Nọ́ńbà méjì ni ó wà níbẹ̀, 7 àti 9, ọ̀kọ̀ọ̀kan dá wà lórí ìlà tirẹ̀, ààyè tí ó wà láàárín wọn sì dọ́gba pẹ̀lú èyí tí ó wà lókè wọn àti èyí tí ó wà nísàlẹ̀. Kò sí ohun tí ó so ọjọ́ mọ́ oṣù, kò sì sí ohun tí ó so aago mọ́ orúkọ gbọ̀ngàn. Bí a bá sún ìlà ọjọ́ sókè díẹ̀, tí a sì fi lẹ́tà tí ó ki kọ aago, ìdààmú náà tán. Kò sí ẹni tí ó rí i nínú wa, kì í ṣe nítorí pé ojú wa fọ́, bí kò ṣe nítorí pé a ti gbọ́ àlàyé. Ẹni tí ó ti gbọ́ àlàyé kò lè ka pósítà mọ́, ohun tí wọ́n sọ fún un ni ó ń kà. Ẹni tí ó wá yá ọ̀bẹ nìkan ni ó ka bébà náà.

(Níwọ̀n ìgbà tí a ti dé orí ọ̀rọ̀ ààyè láàárín ìlà, ẹ jẹ́ kí n yà síbì kan. Ẹni tí ó bá ń to ọ̀rọ̀ ní èdè tí ó ní àmì lókè àti àmì nísàlẹ̀ lẹ́tà, bíi tiwa, kò gbọ́dọ̀ kàn gba ààyè tí kọ̀ǹpútà bá fún un bẹ́ẹ̀. Àmì ìsàlẹ̀ ọ̀rọ̀ tí ó wà lókè yóò máa forí gbárí pẹ̀lú àmì ohùn ti ìlà kejì. Ẹ sì dán fọ́ǹtì wò kí ẹ tó yàn án, nítorí pé lẹ́tà bíi ẹ́ àti ọ̀ kò ní àyè ẹyọ kan tirẹ̀ nínú Unicode, ètò tí kọ̀ǹpútà fi ń dá lẹ́tà mọ̀; lẹ́tà àti àmì ni a ń kó pọ̀, fọ́ǹtì tí wọn kò ṣe dáadáa yóò sì ju àmì náà sí ẹ̀gbẹ́ bí ẹni tí kò mọ ilé.)

Mo mọ àwọn tí yóò dìde sí mi. Wọ́n á ní ẹni tí kò lè gbèjà iṣẹ́ rẹ̀ kò tíì mọ iṣẹ́. Wọ́n fẹ́ràn ọ̀rọ̀ náà “gbèjà”, bí ẹni pé ilé ẹjọ́ ni sítúdíò. Mo bi wọ́n: ta ni yóò dúró ti pósítà náà lójú pópó? Ní ọdún 1970, Gary Anderson, akẹ́kọ̀ọ́ ọmọ ọdún 23 ní University of Southern California, ya ọfà mẹ́ta tí ó ń lé ara wọn yípo fún ìdíje tí Container Corporation of America, ilé-iṣẹ́ tí ó ń ṣe páálí, gbé kalẹ̀. Àmì yẹn wà lára páálí káàkiri ayé lónìí láti sọ pé a lè tún ohun náà lò, àwọn tí ó sì ń lóye rẹ̀ lójoojúmọ́ kò gbọ́ orúkọ Anderson rí. Carolyn Davidson náà ṣì ń kẹ́kọ̀ọ́ graphic design ní Portland State University ní ọdún 1971 nígbà tí ó gba dọ́là 35 lórí àmì tí Nike ń lò títí dòní. (Ilé-iṣẹ́ náà fún un ní ìpín ìdókòwò ní ọdún 1983, kí ẹnikẹ́ni má fi ọ̀rọ̀ owó bínú sí mi.) Iṣẹ́ àwọn méjèèjì jáde lọ láìsí agbẹnusọ.

Ẹ̀yin tí ẹ ti ṣe kíláàsì ìtàn dísáìnì mọ ọ̀rọ̀ máàpù méjì tí mo fẹ́ sọ, n kò ní fa á gùn. Harry Beck ya máàpù ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀ Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1931, ó na gbogbo ìlà tààrà, kò sì bìkítà fún bí ibùdókọ̀ kan ṣe jìnnà sí èkejì gan-an. Àwọn ọ̀gá kọ́kọ́ kọ̀ ọ́. Nígbà tí wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde fún àwọn èrò ní ọdún 1933, àwọn èrò kà á, wọ́n sì gbà á. Ní New York ní ọdún 1972, ilé-iṣẹ́ Massimo Vignelli ṣe èyí tí ó jọ bẹ́ẹ̀, tí ó sì rẹwà jù ú lọ bí ẹ bá bi mí, ṣùgbọ́n omi kò ní àwọ̀ omi, Central Park, ọgbà ìgbafẹ́ ìlú náà tí ó gùn gbọọrọ, sì di ìgun mẹ́rin tí ó dọ́gba. Àwọn èrò ráhùn, wọ́n sì pààrọ̀ rẹ̀ ní ọdún 1979. Vignelli gbèjà iṣẹ́ yẹn dáadáa, àlàyé rẹ̀ sì mọ́gbọ́n dání, ṣùgbọ́n kò lè dúró sí gbogbo ibùdókọ̀ láti máa ṣe é. Ọ̀rọ̀ púpọ̀ kò kún agbọ̀n.

Kódà ISO, àjọ tí ó ń gbé ìlànà kalẹ̀ fún gbogbo ayé, ní ìlànà fún ohun tí mo ń wí. ISO 9186 ni nọ́ńbà rẹ̀, ó sì sọ bí a ṣe ń dán àmì wò lójú àwọn tí yóò lò ó: a gbé àmì síwájú wọn, a bi wọ́n léèrè ohun tí ó túmọ̀ sí, a sì kọ ìdáhùn wọn sílẹ̀. Kò sí ibi tí wọ́n ti ní kí ẹni tí ó yà á kọ́kọ́ ròyìn ìmísí rẹ̀.

Àlàyé yìí ti wọ inú ìwé ìlànà iṣẹ́ pàápàá, èyí tí akẹ́kọ̀ọ́ ń kó àwòrán ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ sí, tí a sì máa ń fi gba máàkì lórí bí èrò ṣe dàgbà. Ṣé kí n sọ ọ́? Gbogbo wa mọ akẹ́kọ̀ọ́ tí ó máa ń ya àwòrán ìbẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn tí iṣẹ́ bá ti parí, tí yóò sì rún bébà náà díẹ̀ kí ó lè dà bí èyí tí ó ti pẹ́. (Gbọ̀ngàn rẹ́rìn-ín níbí, ẹ̀rín àwọn kan sì pọ̀ ju ti àwọn yòókù lọ.)

Ibi tí mo bá ọ̀rọ̀ dé lọ́jọ́ náà nìyẹn; mo ṣì ní kókó mẹ́ta nílẹ̀ nígbà tí akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kẹta kan na ọwọ́, alága sì gbà á láyè. Ó ní: “Ẹ̀gbọ́n, bí àwa bá dákẹ́, ta ni yóò wá máa sọ̀rọ̀? Olùkọ́ ni. Àlàyé yẹn nìkan ni ohun tí mo fi ń dá ara mi sílẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tí kò fẹ́ràn àwọ̀ tí mo lò. Ẹ ti gbà á lọ́wọ́ mi, kí ni ẹ fún mi dípò rẹ̀?”

Ìbéèrè yìí ló gba ìyókù àkókò mi, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Ìdákẹ́jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ láìyí ètò ọ̀rọ̀ sísọ padà yóò kàn mú kí ẹnu ọ̀gá gùn sí i ni. Ohun tí mo fi dá a lóhùn ni pé olùkọ́ ló yẹ kí ó sọ̀rọ̀ kẹ́yìn. Ẹni tí kò ka ìwé iṣẹ́ rárá ni yóò kọ́kọ́ sọ ohun tí ó rí: kí ni èyí, fún ta ni, kí ni ó fẹ́ kí n ṣe? Lẹ́yìn rẹ̀ ni àwọn ẹlẹgbẹ́ yóò sọ ibi tí ojú wọn kọ́kọ́ bà, ibi tí ó lọ lẹ́yìn náà, àti ibi tí ó há sí. Títí di àkókò yìí, kò sí ẹni tí a gbà láyè láti sọ pé òun fẹ́ràn tàbí pé òun kò fẹ́ràn. Oníṣẹ́ yóò wá la ẹnu, yóò sọ ohun tí ó ní lọ́kàn, gbogbo wa yóò sì rí bí ó ṣe jìnnà tó sí ohun tí a kà. Bí olùkọ́ bá wá ní àwọ̀ náà kò dára, ó ti di dandan kí ó sọ ohun tí àwọ̀ náà ṣe sí kíkà, nítorí pé ẹ̀rí ti wà nílẹ̀ níwájú gbogbo ènìyàn.

Kì í ṣe èmi ni mo dá irú rẹ̀ sílẹ̀. Bauhaus, ilé-ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọnà tí Walter Gropius dá sílẹ̀ ní Weimar, ní Jámánì, ní ọdún 1919, máa ń fi olùkọ́ méjì sí iyàrá iṣẹ́ kan ní àwọn ọdún ìbẹ̀rẹ̀, ọ̀kan fún ìrísí, èkejì fún iṣẹ́ ọwọ́, bẹ́ẹ̀ ni ojú ẹnì kan ṣoṣo kì í ṣe òfin. Níbẹ̀ náà ni olùkọ́ kan, Josef Albers, ti máa ń fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tuntun ní bébà pé kí wọ́n fi ṣe nǹkan láìfi ṣòfò. Ẹni tí ó bá fi bébà ṣe ilé ìṣọ́ tàbí ọkọ̀ òfuurufú kì í rí ìyìn gbà tó ẹni tí ó kàn ká a tí bébà náà sì dúró fúnra rẹ̀. Ohun tí bébà lè ṣe ni a fi ń díwọ̀n iṣẹ́ náà.

Olùkọ́ kan ní ìjókòó iwájú kò gbà. Wọ́n ní ojú tí a ti fi ọdún púpọ̀ tọ́ máa ń rí ohun tí ẹni tí ó wá yá ọ̀bẹ kò lè rí, wọ́n sì rán mi létí pé ní ọdún 2025 ni New York padà sí máàpù tí ó fara jọ ti Vignelli. Òtítọ́ ni. Èsì mi ni pé àwọn èrò òde òní ní máàpù òpópónà lórí fóònù wọn, nítorí náà ohun tí wọ́n ń wá lára ògiri ibùdókọ̀ ti yàtọ̀ sí ti ọdún 1972. Àwọn tí ó ń kà á ni ó yí padà. Ṣùgbọ́n mo gbà fún wọn ní apá kan: ẹni tí ó wá yá ọ̀bẹ mọ̀ pé òun kò lóye, kò mọ̀ pé ààyè ìlà ni ó fà á. Iṣẹ́ olùkọ́ bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀, kò sì kéré.

Alága ti ń wo aago, nítorí náà wérewère ni mo mú ìyókù. Lórí ìtẹ̀wé: àwọ̀ ojú kọ̀ǹpútà jẹ́ ti ìmọ́lẹ̀, ti bébà jẹ́ ti tàdáwà, ẹ tẹ àpẹẹrẹ kan kí ọjọ́ tó pé, kí ẹ sì jẹ́ kí àwọ̀ kọjá etí bébà ní milimítà 3 kí ọ̀bẹ má baà fi funfun sílẹ̀. Lórí iṣẹ́ àjùmọ̀ṣe: ẹ kọ ohun tí ẹnì kọ̀ọ̀kan yóò ṣe sílẹ̀ ní ọjọ́ àkọ́kọ́, nítorí pé lọ́jọ́ máàkì gbogbo ènìyàn ni ó ṣe é. Lórí àkójọ iṣẹ́ tí ẹ óò fi wá iṣẹ́: ìlà méjì lábẹ́ àwòrán kọ̀ọ̀kan tó.

Ẹnì kan ṣì béèrè nípa oníbàárà, ẹni tí kò ní sanwó láìgbọ́ àlàyé. Ẹ fún un lálàyé, ṣùgbọ́n ẹ gbé bébà náà síwájú rẹ̀ ná, kí ẹ sì jẹ́ kí ó kọ́kọ́ bi yín ní ìbéèrè. Ibi tí ìbéèrè rẹ̀ àkọ́kọ́ bá dá lé ni ibi tí iṣẹ́ kù sí. A ti fẹnu kò pé a óò dán ètò yìí wò níbi àgbéyẹ̀wò àwọn ọdún kìíní tí ó ń bọ̀, pẹ̀lú akẹ́kọ̀ọ́ ẹ̀ka mìíràn gẹ́gẹ́ bí ẹni tí yóò kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Olùkọ́ tí ó wà níwájú ní àwọn yóò wá, àwọn yóò sì jókòó sẹ́yìn, ṣùgbọ́n àwọn kò ṣèlérí pé àwọn yóò dákẹ́.