Eyín Tí Olú Fi Ń Jẹ Òwú

Ẹ ṣé o. Ogún ìṣẹ́jú ni wọ́n fún mi. Ẹ bá mi wo aago, torí bí mo bá ti dórí ọ̀rọ̀ àgọ́ ológun, n kì í tètè kúrò níbẹ̀.

Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà wà ní erékùṣù Bougainville lórí òkun Pàsífíìkì. Òjò ń rọ̀, ooru ń mú, àgọ́ òwú wọn wá ń jẹrà mọ́ wọn lórí. Kì í ṣe ikán o! Ìbátan ohun tó ń mú kí búrẹ́dì yín bu ni. Ẹ jẹ́ ká máa pè é ní olú, ẹbí kan náà ni wọ́n. Ológun fẹ́ mọ bí wọ́n ṣe máa dá a dúró. Àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì méjì, Elwyn Reese àti Mary Mandels, wá ń bi ara wọn pé: kí ni nǹkan tí kò léyín yìí fi ń jẹ òwú? Lọ́dún 1977 ni wọ́n fi orúkọ Reese sọ ọ́: Trichoderma reesei. Àtìrandíran èyí tó jẹ àgọ́ yẹn ni ilé iṣẹ́ ń lò títí dòní.

Ẹ́ńsáìmù, ìyẹn oje tó ń yọ́ oúnjẹ, ni eyín rẹ̀. Ṣúgà tí a sín bí ìlẹ̀kẹ̀ ló wà nínú òwú, nínú ṣùkù àgbàdo, nínú ẹ̀rún pákó. Ẹ́ńsáìmù kan á já okùn náà láàárín, èkejì á máa gé e ní méjì-méjì láti etí, ẹ̀kẹta á ya méjì sí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Glúkóòsì, ṣúgà tí à ń wá, dé nìyẹn. Ẹ́ńsáìmù yìí náà ni wọ́n fi ń bó àwọ̀ jíǹsì dípò òkúta.

Mo ti ń sọ ọ́ tipẹ́: ohun tó ń ba nǹkan jẹ́, ẹ wò ó dáadáa kí ẹ tó dáná sun ún. Ọ̀gbẹ́ni kan máa ń ní ká ṣáà ra ẹ́ńsáìmù lókè òkun, kó tán. Mo rí i lẹ́yìn. Ẹ káàbọ̀, sà.

Ibẹ̀ ni mo dé tí ìyá kan tó ń ṣe gàrí fi nawọ́. "Ọ̀gá, ẹ má bínú. Ṣé olú yẹn kì í jẹ ṣúgà náà? Kí ló wá kù fún wa?"

Mo pa ìwé mi dé. Ìbéèrè tó yẹ kí n fi bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

"Ó ń jẹ ẹ́, mà. Ṣùgbọ́n ìta ló ń tu oje rẹ̀ sí, oúnjẹ á yọ́ níta kó tó fà á mu. À ń sìn ín nínú omi ní nǹkan bíi 28°C, a ó wá sẹ́ ẹ bí ògì, a ó kó èèrí rẹ̀ sọ́tọ̀. Omi rẹ̀ la ó dà sórí pàǹtí ní nǹkan bíi 50°C. Olú ò lè dàgbà nínú ooru yẹn, àmọ́ oje rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ dáadáa. A yá eyín rẹ̀, a ò pè é síbi oúnjẹ."

"Èèpo ẹ̀gẹ́ ńkọ́?"

Ó rọrùn ju igi lọ: sítáàṣì ṣì wà lára rẹ̀, olú mìíràn tó ń jẹ́ Aspergillus sì mọ̀ ọ́n jẹ. Igi ní lignin tó dì í bíi sìmẹ́ńtì, ooru tàbí ásíìdì la fi ń kọ́kọ́ ṣí i. Olú tó ń jẹ lignin fúnra rẹ̀ wà, àmọ́ alága ti dìde, ọ̀rọ̀ iye owó náà sì di ọjọ́ mìíràn.

Ìyá náà dúró dè mí lẹ́nu ọ̀nà. Òkìtì èèpo ẹ̀gẹ́ kan ti bu lẹ́yìn ilé rẹ̀. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó má dáná sun ún títí di Sátidé.